Bí A Ṣe Ń Yẹ Àwòrán Òkúta Mars Wò

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Curiosity, ọkọ̀ tí àjọ NASA fi ń ṣàyẹ̀wò ilẹ̀ Mars, ya àwòrán ògiri àpáta kan tí ihò onígun wà lára rẹ̀. Inú ihò náà ṣókùnkùn, etí rẹ̀ sì gún régé, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń kígbe pé ẹnu ọ̀nà ni. Gíga ẹnu ọ̀nà ọ̀hún kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Ológbò ni ibẹ̀ lè gbà. Ibi tí àpáta ti sán ni. Àṣìṣe àwọn tí ó kígbe ni pé wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, ìdí nìyí tí ìtọ́sọ́nà yìí fi fi orúkọ sí ìkẹyìn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orísun. NASA ń gbé àwòrán tí Curiosity àti Perseverance, ọkọ̀ rẹ̀ mìíràn tí ó wà lórí Mars, bá fi ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti gbà á, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tí òun náà gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n bá fún àwòrán pọ̀ kí ó lè fúyẹ́, kọ̀ǹpútà a máa pín in sí igun mẹ́rin kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ píksẹ́lì (ìyẹn àwọn àmì tíntìntín tí àwòrán fi di odidi) 8 ní ìbú àti 8 ní òòró, bí ẹ bá sì fẹ àwòrán náà títí, etí àwọn igun wọ̀nyí yóò fara hàn bí ògiri, bí àtẹ̀gùn tàbí bí lẹ́tà tí ẹnì kan gbẹ́ sára òkúta. Ìlà tí ó bá etí àwòrán rìn régé, tí ó sì ń padà wá lẹ́yìn píksẹ́lì mẹ́jọ mẹ́jọ, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni.

Ohun tí ó kàn ni orúkọ fáìlì, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fojú fò. Nínú àwòrán Curiosity, ML dúró fún ojú òsì kámẹ́rà Mastcam tí ó wà lórí òpó ọkọ̀ náà, MR dúró fún ojú ọ̀tún rẹ̀ tí ó ń wo ọ̀nà jíjìn, MH jẹ́ ti MAHLI tí ó wà ní ìkángun apá ọkọ̀, tí a fi ń wo òkúta láti ìtòsí, NLB àti NRB sì jẹ́ ojú òsì àti ojú ọ̀tún Navcam tí a fi ń mọ ọ̀nà. Ẹ kọ èyí sílẹ̀ pẹ̀lú iye sol, ìyẹn ọjọ́ Mars, tí ó gùn tó wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 39, tí a sì ń kà láti ìgbà tí Curiosity ti gúnlẹ̀ sínú kòtò Gale ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012.

Ìwọ̀n ni ó gba sùúrù jù, òun náà ni ó sì dùn jù lójú tèmi. Àwòrán kan ṣoṣo kò lè sọ bóyá òkúta tó ìkúnwọ́ ni tàbí ó tó ilé, nítorí pé kò sí igi, kò sí ènìyàn, kò sí ohunkóhun tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ nítòsí. Ojú méjì Navcam ni yóò yọ wá. Ẹ wá NLB àti NRB tí wọ́n yà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì rí i dájú pé fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ píksẹ́lì 1024, kí ó má jẹ́ ẹ̀dà kékeré. Ẹ mú ṣóńṣó kan lára òkúta náà, ẹ ka píksẹ́lì láti etí òsì àwòrán dé ibẹ̀ nínú àwòrán méjèèjì, ẹ yọ iye kékeré kúrò nínú ńlá, kí ẹ sì fi ìyàtọ̀ náà pín 510. Ohun tí ó bá jáde ni jíjìnnà òkúta náà ní mítà. Bí ó bá jẹ́ 640 ní òsì tí ó sì jẹ́ 589 ní ọ̀tún, ìyàtọ̀ jẹ́ 51, òkúta náà sì wà ní nǹkan bíi mítà 10. Iye 510 yìí kò ṣàdédé wá: ojú méjèèjì jìnnà síra ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 42, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan sì ń bo nǹkan bíi mìlímítà 0.82 lára ohun tí ó wà ní mítà kan sí kámẹ́rà.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ sí àwòrán MR tí ó ní òkúta kan náà. Níbẹ̀, píksẹ́lì kan ń bo mìlímítà 0.074 fún mítà kọ̀ọ̀kan tí òkúta fi jìnnà. Ní mítà 10, píksẹ́lì kan jẹ́ mìlímítà 0.74, nítorí náà òkúta tí ó fẹ̀ tó píksẹ́lì 200 kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Bí ó bá jẹ́ ML ni, ẹ lo 0.22 dípò 0.074. Ẹ má fi ọ̀nà yìí wọn òkè ọ̀nà jíjìn o: bí ìyàtọ̀ bá ti kù sí píksẹ́lì 10, àṣìṣe píksẹ́lì kan ṣoṣo lè sún òkúta síwájú tàbí sẹ́yìn ní nǹkan bíi mítà 5.

Lẹ́yìn ìwọ̀n, ẹ wá ibi tí oòrùn wà. Òjìji òkúta tí ó wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú ni yóò sọ ọ́. Ọpọlọ wa máa ń gbà pé òkè ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, nítorí náà bí oòrùn bá ń ràn láti ìsàlẹ̀ àwòrán, kòtò a di òkìtì, òkìtì a sì di kòtò. Ẹ yí àwòrán náà po títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi máa bọ̀ láti òkè, kí ẹ tún un wò. Òkè tí ó jọ ojú ènìyàn tí ọkọ̀ Viking 1 yà láti òfuurufú Mars lọ́dún 1976, oòrùn tí ó rẹlẹ̀ ló ṣe é. Nígbà tí ọkọ̀ Mars Global Surveyor tún ibẹ̀ yà lọ́dún 1998 àti 2001 pẹ̀lú kámẹ́rà tí ó ríran jù ú lọ, òkè lásán ni wọ́n bá níbẹ̀. Bí ẹ bá rí òkúta yín nínú àwòrán tí wọ́n yà ní wákàtí mìíràn, tí imú rẹ̀ sì ti pòórá, òjìji ni imú náà.

Àwọ̀ kò yẹ kí ó gbà yín lákòókò púpọ̀. Wọ́n máa ń tún àwọ̀ àwòrán kan ṣe kí òkúta lè rí bí yóò ṣe rí lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ Ayé. Ẹ má fi irú rẹ̀ wé èyí tí a kò tún ṣe. Eruku pupa tí irin inú rẹ̀ ti dípẹtà sì bo ohun gbogbo, nítorí náà ibi tí òkúta ti fọ́ ni kí ẹ máa wò jù. Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Curiosity gun òkúta kan kọjá, òkúta náà fọ́, imí-ọjọ́ ògidì aláwọ̀ ìyeyè sì hàn nínú rẹ̀.

Bí ohun kan bá ṣàdédé yọ, ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2014, òkúta kan tí etí rẹ̀ funfun tí àárín rẹ̀ sì pupa fara hàn níwájú Opportunity, ọkọ̀ NASA mìíràn lórí ilẹ̀ Mars, níbi tí kò sí ní sol 12 ṣáájú. Ẹnì kan tilẹ̀ ní olú ni. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ni ó fọ́ òkúta, tí ó sì ta á síbẹ̀.

Ìgbà yìí ni ẹ tó lè bèèrè irú òkúta tí ó jẹ́. Òkúta wẹ́wẹ́ róbótó tí ó lẹ̀ mọ́ra bíi kọnkéré, irú èyí tí Curiosity rí ní Gale lọ́dún 2012, odò ni ó yí i, nítorí afẹ́fẹ́ kò lè gbé èyí tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Àwọn róbótó kéékèèké tí Opportunity rí ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Meridiani lọ́dún 2004, hematite, ìyẹn ohun àlùmọ́nì tí irin wà nínú rẹ̀, ni, omi abẹ́ ilẹ̀ ni ó sì kó wọn jọ. Òkúta dúdú tí ihò púpọ̀ wà lára rẹ̀ lè jẹ́ irin tí ó já bọ́ láti òfuurufú, bíi Block Island tí Opportunity bá pàdé lọ́dún 2009. Èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́jú, tí etí rẹ̀ sì mú bí ọ̀bẹ, iyanrìn tí afẹ́fẹ́ ń fọ́n ni ó gbẹ́ ẹ. Irú rẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń pè ní ohun tí ọwọ́ ṣe jù.

Nípa àmì ẹ̀mí, ẹ wo bí àwọn tí ó ní irinṣẹ́ ṣe ń sọ ọ́. Lọ́dún 2024, Perseverance rí òkúta Cheyava Falls ní agbègbè kòtò Jezero, tí àmì bíi ti awọ ẹkùn wà lára rẹ̀. Wọ́n lu ú, wọ́n fi ìtànṣán yẹ̀ ẹ́ wò, síbẹ̀ ohun tí wọ́n kọ lọ́dún 2025 ni pé ó ṣeé ṣe kí ohun ẹlẹ́mìí ti ṣe é, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ iṣẹ́ kẹ́míkà lásán. Nínú àkọsílẹ̀ tiyín náà, ẹ to sol, kámẹ́rà, jíjìnnà, ìwọ̀n àti ibi tí oòrùn wà tẹ̀ léra, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ “ó jọ”, kì í ṣe “ó jẹ́”. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ náà lè gba ẹ̀gbẹ́ òkúta yẹn kọjá ní sol tí ń bọ̀, kí ó sì yà á láti ẹ̀yìn.