Ẹ Yí Inú Aṣọ Síta Kí Ẹ Tó Sanwó: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé

Nígbà kan tí kájú tà dáadáa, ẹgbẹ́ obìnrin kan ní abúlé tó sún mọ́ Kábà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, dáwó jọ, wọ́n ra áńkárá àǹkóò, ọ̀pá 6 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Aṣọ náà ń dán yinrin-yinrin, owó rẹ̀ sì fúyẹ́. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, omi inú bàsíà pọ́n bí ẹni po osùn. Ní ìfọ̀ kẹta, ó ti rí bí aṣọ ìnulẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Kò sẹ́ni tó yí i wo ẹ̀yìn. Èmi tí mo ń pe ara mi ní olùkọ́ náà kò yí i. Ìdí tí a fi kọ ìwé yìí nìyẹn.

A kò ní kọ́ yín bí wọ́n ti ń nájà. Ẹni tó ń ná iṣu títí oòrùn fi kan àtàrí mọ bí wọ́n ti ń ná aṣọ. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni à ń rí láti Ìjùmú dé Yàgbà: ojú aṣọ ni ẹ ń wò, owó ni ẹ ń bi, ẹ kì í yí inú rẹ̀ síta. Láyé àtijọ́, ilẹ̀ Bùnú níbí sì ni wọ́n ti ń hun aṣọ ìpò pupa tí wọ́n fi ń sin olóyè. Àwa kọ́ ló yẹ kí ayédèrú òwú máa tàn jẹ.

Áńkárá ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú un kúrò lábẹ́ agbòòrùn aláwọ̀ tí wọ́n ta sórí ìsọ̀, ẹ gbé e sí oòrùn, kí ẹ yí i padà. Èyí tó dára, ẹ̀yìn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́lẹ̀ tó iwájú. Bí àwọ̀ ẹ̀yìn bá ṣí, àwọ̀ náà kò wọ inú òwú. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á nígbà 10. Bí ìyẹ̀fun funfun bá ń bọ́, sítáàṣì ló mú un dúró gan-an bẹ́ẹ̀. Ẹ rẹ etí áńkáṣíìfù funfun sínú omi, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó dúdú jù, kí ẹ ka ení dé 30. Bí àwọ̀ bá yí áńkáṣíìfù náà pátápátá, ẹ fi aṣọ náà sílẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ ó fi iyọ̀ dá a dúró nílé. Iyọ̀ kì í dá a dúró.

Ẹ tọrọ fọ́nrán òwú kan ní etí aṣọ, kí ẹ ṣáná sí i. Òwú gidi á jó bí ìwé, eérú rẹ̀ á sì fọ́. Èyí tó jẹ́ rọ́bà á yọ́, á dì bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò nídìí ọjà ọlọ́jà kí ẹ tó ṣáná.) Tí ẹ bá délé, ẹ rẹ ọ̀pá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sómi fún wákàtí 12, ẹ sá a síbòòji, ẹ lọ̀ ọ́, kó tó dé ọ̀dọ̀ télọ̀. Aṣọ tó máa sún kì, ẹ jẹ́ kó sún kì kí wọ́n tó gé e.

Ní ti òkìríkà, inú náà ni. Abíyá, ọrùn, agbede itan ṣòkòtò: ẹ gbé e sókè sí oòrùn, ibi tó ti fẹ́lẹ́ á tànmọ́lẹ̀. Ẹ fa síìpù lọ sókè sódò nígbà 3. Ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì fa ojú ìrán. Bí okùn bá yọ bí eyín, ẹ gbé e jù sílẹ̀. Nínú ínṣì kan, ó yẹ kí abẹ́rẹ́ ti wọlé tó ìgbà 10. Èyí tí kò tó 8, ẹ má rà á. Fún aṣọ ọmọ, ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣẹ́ etí rẹ̀ sínú: ínṣì 2, kí ẹ lè tú u sílẹ̀ nígbà tó bá ga sí i. Ti pé kí ẹ fi ìbàdí ṣòkòtò wọn ọrùn láti mọ̀ bóyá yóò bá yín mu, ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀dọ́. Ẹni tó níkùn kó mú okùn tó fi wọn ìbàdí ara rẹ̀ láti ilé dání.

Ẹ má wọ òkìríkà lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Ẹ dì í sínú ọ̀rá fún ọjọ́ 3, nítorí kòkòrò tó ń fa ìfọ́n kì í pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí ara èèyàn. Lẹ́yìn náà, omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ fún ìṣẹ́jú 30, oòrùn, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ tinú tẹ̀yìn. Pátá àlòkù ńkọ́? A ti sọ ọ́ sú wa. Ẹ ra tuntun.

Ẹ ó ní owó kò sí. A gbọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì ₦3,000 tí ẹ wọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà kó tó ya, ₦500 ló ná yín nígbà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó jẹ́ ₦9,000 tí ẹ wọ̀ nígbà 60, ₦150 ni. Èwo ló wọ́n? Ẹ ra ẹyọ kan dípò mẹ́ta.

Bí ẹni tó ń tà á bá ń bínú pé ẹ ń tú ọjà òun yẹ̀bẹ́yẹ̀bẹ́, ẹ kí i kú ọjà, kí ẹ bọ́ sí ìsọ̀ kejì.