Ọ̀sẹ̀ 16 fún kìlómítà 42: bí mo ṣe múra eré ìje tí ọkàn mi pín sí méjì lé lórí

Mo fẹ́ràn eré sísá. Eré ìje ni ọkàn mi ò tíì dúró sójú kan lé lórí. Ní aago márùn-ún ìdájí, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, tí àwọn alákàrà ń dáná, eré sísá kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ẹ wá lẹ nọ́ńbà mọ́ mi láyà báyìí, ohun tó jẹ́ ìgbádùn á di gbèsè. Màá máa wo aago, màá máa wo ẹni tó kọjá mi, oorun òru tó ṣáájú ìje ò sì ní kún ojú. Síbẹ̀, bí kò bá sí ọjọ́ ìje níwájú, mo mọ ara mi: eré kìlómítà 20 kì í wáyé. Màá sá 6, màá sì padà sílé lọ wẹ̀. Ọjọ́ ìje ló ń fà mí kọjá ibi tí ara ti máa ń ní ó tó.

Lagos City Marathon ni mo múra fún. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń sá a, oṣù kejì ọdún ló sì máa ń bọ́ sí. Láti National Stadium ní Sùúrùlérè ni wọ́n ti ń gbéra, ó di Eko Atlantic, kìlómítà 42.195. Ní oṣù kejì, ọyẹ́ ti ń palẹ̀ mọ́, ooru sì ti dé, nítorí náà òòrùn ni mo gbà pé mò ń bá díje, ju ènìyàn lọ.

Kí n tó forúkọ sílẹ̀, mo kọ àfojúsùn mẹ́ta sínú ìwé. Ẹni tó bá gbé ẹyọ kan ṣoṣo dání, bí ìyẹn bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo wàhálà oṣù mẹ́rin á dà bí òfo lójú rẹ̀. Èkíní ni wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 5, ìyẹn ìṣẹ́jú 7 àti àáyá 14 fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 20. Ẹ̀kẹta ni kí n fi ẹsẹ̀ ara mi dé òpin. Mo tún ya ojú ewé kan sọ́tọ̀: lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, màá kọ lẹ́tà kan péré síbẹ̀, D bó bá dùn, S bó bá sú mi. Kò sí àlàyé, kò sí ìwọ̀n. Mo fẹ́ mọ ibi tí ìfẹ́ mi sí eré ti ń jò gan-an.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ń sáré lọ́sẹ̀. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kìlómítà 8 pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀, mo máa ń fi kìlómítà 2 mú ara gbóná, màá wá sá kìlómítà kan lọ́nà mẹ́rin, ìṣẹ́jú 6 àti àáyá 20 fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìrìn ìṣẹ́jú méjì láàárín wọn. Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, eré gígùn, torí pé Àbámẹ́ta ni ìje náà ń bọ́ sí, mo sì fẹ́ kí ara ti mọ ọjọ́ náà. Ní Ọjọ́ Àìkú, kìlómítà 5 láìwọ aago, láìmú fóònù.

Eré gígùn ni ìpìlẹ̀. Kìlómítà 10 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo fi méjì kún un lọ́sẹ̀ kejì, mo fi méjì kún un lọ́sẹ̀ kẹta, ó di 14, lọ́sẹ̀ kẹrin mo padà sí 10. Báyìí ni mo ṣe gùn ún bí àkàbà: 16, 18, 20, ká sọ̀ ọ́ sí 14, 22, 24, 26, ká sọ̀ ọ́ sí 18, lẹ́yìn náà 30, lẹ́ẹ̀kan péré. Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e jẹ́ 20 àti 14, ìje sì dé. Ẹ má ṣe fo ọ̀sẹ̀ ìsọ̀kalẹ̀ yẹn nítorí pé ara yá. Èémí máa ń yára le ju egungun àti iṣan lọ. Láàárín oṣù kan, àyà á ti máa sọ pé òun lè ṣe ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ egungun ojúgun ṣì ń wá oṣù mélòó kan sí i kó tó lè gba ìlù orí kọnkéré. Ìyẹn ló ń fa ìrora ojúgun tó ń dá ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ jókòó lọ́sẹ̀ kẹfà. Ìrora tó bá tàn ká iṣan lásán, ẹ lè máa rọra sá a. Èyí tí ìka kan lè tọ́ka sí lórí egungun gan-an, ẹ dúró, ẹ lọ fi hàn dókítà.

Ní ti ìyára, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé aago fún eré gígùn. Oríkì ìdílé mi ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Bí mo bá lè kì í dé ìlà kẹrin láìdúró mí, eré náà tọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ń gé lẹ́nu mi lẹ́yìn ìlà kan, mo ti yára jù, mo á dín in kù lójú ẹsẹ̀. Fún èmi, ìṣẹ́jú 7 àti ààbọ̀ fún kìlómítà kan ló máa ń jẹ́.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sọ fún wa: etí ọ̀nà wa máa ń dà sí gọ́tà. Kíkọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀ ló dáa fún ààbò, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ òsì ń balẹ̀ níbi tó rẹlẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Lẹ́yìn kìlómítà 15, ẹ̀gbẹ́ orúnkún kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín, èkejì kò ní mọ̀ rárá. Mo wá àdúgbò tí ọkọ̀ kì í pọ̀ sí, mo sì ń sá ní àárín títì.

Bàtà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ wà níwájú ọmọ ìka tó gùn jù, nítorí ẹsẹ̀ á wú. Bó bá jẹ́ òkìríkà lẹ rà, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀: bí kò bá tẹ̀, tí kò sì fò padà, ó ti kú, bó ti wù kí òkè rẹ̀ dán tó. Bàtà tuntun gbọ́dọ̀ ti rin kìlómítà 50 kó tó rí ọjọ́ ìje. Òrí ni mo ń fi pa àárín itan, abẹ́ abíyá, orí ọmú àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó ń yọ́ nínú ooru, nítorí náà mo máa ń di díẹ̀ sínú ọ̀rá kékeré, kí n lè tún un pa ní ìdajì ọ̀nà.

Omi ló gba ọgbọ́n jù. Mo wọn ara mi ní ìhòòhò kí n tó jáde, mo sá eré wákàtí kan, mo nu òógùn gbẹ, mo tún wọ̀n. Kílò 71.4 di 70.3, mo sì ti mu mílílítà 300 lójú ọ̀nà. Kílò kan jẹ́ nǹkan bíi lítà kan, nítorí náà lítà 1.4 ni mo ń là ní wákàtí kan. Kì í ṣe pé kí ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà o. Ikùn kò lè gbà á nígbà tí ẹ̀jẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹsẹ̀, á kàn máa gbọ̀n kìṣìkìṣì nínú yín ni. Omi lásán tó pọ̀ jù tún léwu gan-an, ó ń la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀: ìka á wú, orí á máa fọ́, èébì á dé, ènìyàn á sì máa sọ kántankàntan. Nǹkan bí mílílítà 600 ni mo fi sí wákàtí kan.

Mi ò ra ohun mímu aláwọ̀ kankan. Omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru ni mo lò: lítà omi kan, ṣíbí tíì 6 ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ojú ṣíbí tẹ́ pẹrẹsẹ. Piọ wọ́tà kan jẹ́ ìdajì lítà, nítorí náà ó gba ṣúgà ṣíbí 3 àti ìdá mẹ́rin ṣíbí iyọ̀. Mo di mẹ́rin sínú ọ̀rá kéékèèké nílé. Lójú ọ̀nà, mo fi eyín gé igun piọ wọ́tà, mo mu ẹnu méjì kí àyè lè wà, mo da ìyẹ̀fun náà sí i, mo lọ́ ẹnu rẹ̀, mo gbọ̀n ọ́n. Ọ̀rá méjì ni kí ẹ fi di í. Ìgbà tí mo fi ẹyọ kan dì í, òógùn wọ̀ ọ́, ó di òkúta.

Oúnjẹ tó wà nípamọ́ nínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ sábà máa ń tán ní nǹkan bíi kìlómítà 30 sí 35. Ẹ ní láti máa jẹ kí ebi tó pa yín. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan àti dàbínù mẹ́ta ni mo ń jẹ ní wákàtí kan, mo sì ti dán an wò nínú eré 22, 24, 26 àti 30. Ohun tí ikùn ò bá mọ̀, ẹ má gbé e lọ síbi ìje. Ní alẹ́ tó ṣáájú, ìrẹsì àti ẹja, ata díẹ̀. Mo yẹra fún ẹ̀wà àti gbẹ̀gìrì láti ọ̀sán. Ní òwúrọ̀, wákàtí mẹ́ta kí ìje tó bẹ̀rẹ̀, iṣu sísè ègé mẹ́ta, iyọ̀ díẹ̀, ó parí.

Ní Sùúrùlérè, ibi tí ẹ̀rù ìje ti ń mú mi náà ni ayọ̀ rẹ̀ ti ń mú mi, ìlù ń dún, ara gbogbo ènìyàn ti gbóná. Ibẹ̀ lewu jù. Ara tó sinmi tán á máa sọ pé ìṣẹ́jú 6 kò tó nǹkan. Mo ti ṣètò aago kó máa fi jíjìnnà nìkan hàn mí, mo sì ń kì oríkì mi. Kìlómítà 5 àkọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú 37 àti ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ kọjá mi lójú ọ̀nà Ìkòròdú, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa lọ, bó tilẹ̀ dùn mí. Lẹ́yìn náà ni mo gbé e dé ìṣẹ́jú 7 àti àáyá 10.

Lẹ́yìn Gbàgádà ni afárá Third Mainland. Kò sí ibòji níbẹ̀ rárá. Òòrùn ń là láti ọwọ́ òsì, ọ̀sà wà lọ́tùn-ún àti lósì, èéfín ẹja láti Màkókó sì ń bá afẹ́fẹ́ wá láti ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ máa wo ilẹ̀ níbi tí irin so afárá pọ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ fò ó, nítorí etí irin náà lè gbá ọmọ ìka. Orí afárá yìí ni mo da omi sórí àti sẹ́yìn ọrùn, láìjẹ́ kó dé inú bàtà, nítorí ìbọ̀sẹ̀ tó tutù ní ń fa ìléròrò.

Mo dé kìlómítà 30 ní wákàtí 3, ìṣẹ́jú 36 àti àáyá 40, ìyẹn gan-an ni mo kọ sínú ìwé. Láti ibẹ̀ lọ, itan wúwo bí ẹni gbé odó. Ní kìlómítà 34, pajápajá fẹ́ mú ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo dúró, mo fi ọwọ́ ti ògiri, mo na gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀ fún àáyá 30, mo gé ìgbésẹ̀ kúrú. Ìgbésẹ̀ gígùn nígbà tó ti rẹ ènìyàn ló ń pè é. Afárá Lẹ́kkí sí Ìkòyí gùn ní kìlómítà 1.36, ó sì ń dé nígbà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mọ́. Mo rìn ín gòkè, mo sá a sọ̀ kalẹ̀.

Wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 9. Ọwọ́ mi tẹ àfojúsùn kejì, èkíní bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn wà lọ́kàn mi fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ń ka ibi tí mo ti rìn, ibi tí mo ti dúró mu omi. Ara tó gbé mi rin kìlómítà 42 láìfarapa, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo ń bi í. Ohun tí mi ò fẹ́ràn nínú ìje gan-an nìyẹn.

Mi ò jókòó lẹ́yìn òpin. Mo rìn fún ìṣẹ́jú 15, mo mu omi oníyọ̀, mo jẹun kí wákàtí kan tó pé. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta, ẹ̀yìn ni mo fi ń sọ̀ àtẹ̀gùn, nítorí iwájú itan ni ìsọ̀kalẹ̀ ń fìyà jẹ. Ọjọ́ kẹjọ ni mo tó tún sáré, kìlómítà 4, láìwọ aago.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ka lẹ́tà inú ìwé. Nínú eré 60, D jẹ́ 41, S jẹ́ 19. Mọ́kànlá nínú S wọ̀nyẹn bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tí mò ń sá kìlómítà kan lójú aago. Ọjọ́ Àìkú ò ní S kankan. Fún ọ̀sẹ̀ 16 tó ń bọ̀, mo ti pa iṣẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn rẹ́: ìṣẹ́jú 20 ni màá máa sá níbẹ̀, tagbára tagbára, aago á sì wà nínú àpò.