Bí Ẹ Ṣe Máa Gba Mọ́fíìnì fún Ẹni Tí Jẹjẹrẹ Ń Fìyà Jẹ

Aránṣọ ni mí ní ìlú Ọ̀yọ́, mi ò kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹsẹ̀ ni mo fi kọ́ ohun tí mo fẹ́ kọ síbí yìí, bí a ṣe ń rí mọ́fíìnì, oògùn ìrora tó lágbára, gbà, lọ́dún 2019 tí jẹjẹrẹ ọyàn ń bá ìyá mi fínra. Àwọn oníbàárà mi tí irú rẹ̀ bá dé ilé wọn ló máa ń wá bi mí léèrè, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó jókòó sójú ọ̀nà yín. Ní oṣù karùn-ún 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de omi ikọ́ tó ní kodéènì nínú: wọn ò gbọdọ̀ kó o wọlé, wọn ò gbọdọ̀ pò ó nílé. Tramadol tó bá ju 100mg lọ náà di èèwọ̀. Ó nídìí. Ìwádìí kan tí UNODC, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, bá ìjọba ṣe, tó jáde ní 2019, sọ pé mílíọ̀nù 14.3 èèyàn ló lo oògùn olóró ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan, àti pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.6 ló ń lo oògùn ìrora bíi tramadol àti kodéènì láìsí pé dókítà kọ ọ́ fún wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà níbẹ̀, nítorí náà mi ò lè sọ pé irọ́ ni. Àmọ́ àwọ̀n tí wọ́n dà sódò nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ìyá mi ló kó.

Kẹ́místì àdúgbò wa, tó ti mọ̀ mí tipẹ́, wo ìwé dókítà tí mo mú lọ. Tramadol 50mg ni, èyí tí òfin ò dí. Ó ní òun ò tà á mọ́, òun ò fẹ́ wàhálà. Ẹlòmíì ní kí n padà wá tí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹ má lọ. Oògùn tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀, ẹ̀yin ò ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, owó rẹ̀ á sì ti di ìlọ́po mẹ́ta.

Ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni kí dókítà mọ bí ìrora náà ṣe tó. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kùnà, nítorí bí a ṣe tọ́ àwọn ìyá wa. Bí dókítà bá ní, "Màmá, ṣé ara ń ro yín?", tèmi á ní, "A dúpẹ́, dókítà, Ọlọ́run ń ṣe é." Pánádó ni ìdáhùn yẹn máa ń gbà wálé. Nítorí náà, ẹ má bi wọ́n bóyá ó ń dùn wọ́n. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n lè ṣe. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n jí lóru? Ṣé wọ́n lè gbé apá sókè we gèlè? Ṣé wọ́n jẹun tán? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi aago sí i. Dókítà á fẹ́ kí wọ́n fún ìrora ní nọ́ńbà láti òdo dé mẹ́wàá. Kò yé màmá. Mo ní kí wọ́n fi owó kà á: "Tó bá jẹ́ náírà mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀, èló ló wà lára yín báyìí?" Wọ́n ronú díẹ̀. "Náírà mẹ́sàn-án." Ọjọ́ yẹn ni dókítà gbé gègé.

Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ ń wá. Láti 1986 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti to oògùn ìrora jẹjẹrẹ bí àkàbà onípele mẹ́ta: pánádó àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, kodéènì tàbí tramadol láàárín, mọ́fíìnì lókè. Ẹ ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò tíì tó àsìkò mọ́fíìnì?" Dókítà tí mo kọ́kọ́ bi wò mí bí ẹni tó wá ra kokéènì. Mi ò bá a bínú títí. Àwọn tó jù mí lọ ṣì ń rántí oṣù kẹrin 1985, nígbà tí wọ́n fìbọn pa ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ní Kirikiri nítorí oògùn olóró, lábẹ́ Òfin 20 ti 1984, òfin tí wọ́n ní kó mú ẹni tó ṣẹ̀ kó tó jáde pàápàá. Ní 1986 wọ́n sọ ikú yẹn di ẹ̀wọ̀n gbére, àmọ́ ìbẹ̀rù ò bá òfin lọ. Ó wà lọ́wọ́ tí nọ́ọ̀sì fi ń ti kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ má fi ọjọ́ yín ṣòfò ní kẹ́místì mọ́. Ìjọba àpapọ̀ ló ń kó mọ́fíìnì wọlé, ilé ìkóoògùnsí rẹ̀ ní Òṣòdì sì ló ti ń jáde. Ìyẹ̀fun ni. Apòògùn ilé ìwòsàn ló ń pò ó mọ́ omi, tí wọ́n á rọ ọ́ sígò, ó sì korò. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbà lọ. Ní UCH Ìbàdàn, ẹ̀ka kan wà tó jẹ́ pé mímú ìrora rọlẹ̀ fún irú àwọn aláìsàn yìí ni iṣẹ́ wọn. "Palliative" ni gbogbo èèyàn ń pè é, orúkọ yẹn ni kí ẹ fi béèrè lẹ́nu géètì. Kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ pè wọ́n bóyá ó wà nílẹ̀, torí ó máa ń tán.

Bí wọ́n bá ní ó ti tán, ẹ má kàn yí padà. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ aláìsàn yín sílẹ̀. Lábẹ́ àdéhùn àgbáyé ti 1961, ọdọọdún ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń sọ fún ìgbìmọ̀ kan ní Vienna iye mọ́fíìnì tí òun máa nílò, ohun tí wọ́n sì lò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń wò. Aláìsàn tí wọ́n dá padà láìkọ orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà wá kù. Àbúrò mi ọkùnrin, tó dá irun lé orí bíi dàda, ni mo kọ́kọ́ rán. Nígbà tó ń bọ̀, lẹ́yìn Mọníyà, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò rí ìgò nínú báàgì rẹ̀. Ìwé oògùn wà lọ́wọ́ mi nílé. Wákàtí mẹ́ta ló fi jókòó sórí kóńkéré, títí mo fi ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí a tún fi owó "omi tútù" tì í lẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, èmi fúnra mi ni mo ń lọ, èmi obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, pẹ̀lú ìró àti ìborùn. Mi ò sọ pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ mú lẹ́tà dókítà tó ní òǹtẹ̀ dání, àti kọ́pì ìwé oògùn, àti káàdì aláìsàn. Ẹ má yọ bébà ara ìgò, ẹ má sì rọ oògùn náà sínú ìgò míì. Òfin NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ti 1989 ń sọ nípa ẹni tí kò ní àṣẹ. Bébà yẹn ni àṣẹ yín, nítorí náà inú báàgì ọwọ́ ni kó wà, kì í ṣe ìdí ọkọ̀.

Ilé lẹ máa ti pàdé àwọn adájọ́ tó kù. Àbúrò màmá wá láti Ìlóra, wọ́n ní, "Ẹ fẹ́ kí ó di bárakú fún wọn ni?" Mo ní, "Àǹtí, ẹ bá mi sun ibí lónìí." Wọ́n sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn gan-an ló ń bi mí pé aago mélòó ni a tún máa lò ó.

Aago ni kí ẹ máa tẹ̀ lé, bí dókítà bá ṣe kọ ọ́. Tiwa jẹ́ wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ má dúró dìgbà tí ìrora bá padà dé. Ike abẹ́rẹ́ tí kò ní abẹ́rẹ́ lórí ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí ọbẹ̀. Ẹ má fi kún un láìbi dókítà. Bí oorun bá ń kùn wọ́n jù tí ẹ ò rí wọn jí, tàbí tí mímí wọn bá ń falẹ̀, ilé ìwòsàn ni. Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà, ẹ gba oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, torí mọ́fíìnì máa ń dí ìdí pa, àwọn ìyá wa ò sì ní sọ ọ́ fún yín. Inú àpótí aṣọ tó ní àgádágodo ni kí ìgò wà. Mo sọ fún yín pé mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n.

Màmá lọ ní oṣù kọkànlá, lójú oorun, ní ìdájí. Èyí tó kù nínú ìgò kò ju ìlàjì lọ. Àwọn èèyàn ní kí n dà á nù sílé ìgbẹ́. Mo gbé e padà lọ síbi tí mo ti gbà á. Apòògùn wọ̀n ọ́n, ó ṣí ìwé ńlá kan, ó kọ orúkọ màmá, ó kọ iye tó kù, ó sì yí ìwé náà sí mi kí n buwọ́ lù ú.