Ẹ Yé Fi Owó Ṣòfò Lórí Àyẹ̀wò Irin àti Síǹkì Inú Ọkà

Láàbù kì í wọn irin, síǹkì tàbí kálísíọ̀mù inú ọkà lọ́fẹ̀ẹ́. Sáḿpù kọ̀ọ̀kan ló ní owó tirẹ̀, èròjà kọ̀ọ̀kan tún ní tirẹ̀. Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ba iṣẹ́ jẹ́ kó tó kúrò lọ́jà.

1. Ẹ má gbé ọkà yín lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ. Èyí ló ń dùn mí jù. Bí wọ́n bá ti ra àgbàdo tàbí ọkà bàbà tán ní Ọjà Ọba níbí l'Óṣogbo, wọ́n á kúkú yà lọ lọ̀ ọ́. Awo irin méjì ló ń ha ara wọn nínú ẹ̀rọ yẹn. Ṣé ẹ ò rí i pé awo náà máa ń tán lọ díẹ̀díẹ̀ títí ẹlẹ́rọ á fi pààrọ̀ rẹ̀ ni? Inú ìyẹ̀fun yín ni irin ara rẹ̀ ń lọ. Tí ásíìdì bá sì ti yọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀, AAS, ẹ̀rọ láàbù tó ń wọn irin àti síǹkì inú omi ásíìdì náà, ò lè sọ èyí tó jẹ́ ti ọkà fún yín.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ wá. Irin inú rẹ̀ lé ní 100 mg/kg, bẹ́ẹ̀ àgbàdo lásán kì í sábà ju nǹkan bí 20 sí 30 lọ. Ó ti ń kọ ọ́ pé irú àgbàdo yìí á gba àwọn ọmọdé lọ́wọ́ àìtó ẹ̀jẹ̀! Mo ní kó mú odindi hóró wá látinú àpò kan náà. A ṣàn án, a sá a gbẹ, a gún un nínú odó tánganran, irin náà sì wálẹ̀ síbi tó yẹ kó wà. Owó sáḿpù yòókù ti wọgbó. Ká ní ìwé yẹn jáde ńkọ́? Ta ni ì bá lọ sọ fún àwọn ìyá ọmọ pé irin awo ẹ̀rọ ni wọ́n ń kà?

2. Erùpẹ̀. Ọkà tí wọ́n sá sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó irin ilẹ̀ mọ́ra. Tí aluminium, tó pọ̀ nínú erùpẹ̀ ju inú ọkà lọ, bá gòkè pẹ̀lú irin, ẹ fura.

3. Omi inú ọ̀rá kì í ṣe omi láàbù. Ẹ fi nitric acid 10% rẹ ìgò yín mọ́jú, kí ẹ fi omi deionised (omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò) ṣàn án.

Blank (ásíìdì tí ẹ ṣe bíi sáḿpù, àmọ́ tí kò ní ọkà nínú) ńkọ́? Ẹ ṣe é, ẹ má fojú fò ó. Ṣùgbọ́n blank tí kò gba inú ẹ̀rọ ìlọ̀ kọjá kò lè tú àṣírí ẹ̀rọ náà.

Bí ẹ bá ń sun ìyẹ̀fun di eérú kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, eérú tó dúdú kò tíì jóná tán. Ẹ kán nitric acid díẹ̀ sí i, ẹ mú un gbẹ, ẹ dá a padà sí 550°C. Ẹ má sún iná náà sókè torí ìkánjú, pòtásíọ̀mù inú rẹ̀ á bá ooru lọ.

Àwọn tó ń wọn kálísíọ̀mù pẹ̀lú iná acetylene inú AAS láìfi lanthanum (èròjà tó ń gba kálísíọ̀mù lọ́wọ́ phosphate) sí i, phosphate inú ọkà ló ń di kálísíọ̀mù náà mú. Iye tó kéré ju bó ṣe yẹ lẹ ó rí.

Perchloric acid (ásíìdì líle tí àwọn kan fi ń yọ́ ọkà): ẹni tí wọn ò bá kọ́ kó má fọwọ́ kàn án. Ó ń bú gbàù.

Ẹ mú díẹ̀ lára ìyẹ̀fun náà gbẹ ní 105°C, kí ẹ ṣírò èsì lórí ìwọ̀n gbígbẹ. Ọkà ìgbà òjò àti ti ọyẹ́ kì í ní omi kan náà nínú.