Bí mo ṣe kó fọ́tò ẹbí wa jọ sójú kan

Fóònù ìyá mi kún fọ́fọ́, wọ́n wá ní kí n bá àwọn yan fọ́tò tí àwọn máa pa rẹ́. Mo ní kí wọ́n má tíì pa ìkankan rẹ́. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ mi ni kí dátà àwọn èèyàn má sọnù: mò ń tọ́jú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó dátà sí, mò ń rí i pé ẹ̀dà wà, mo sì máa ń dán ẹ̀dà náà wò. Ó wù mí kí n ṣe irú ìtọ́jú kan náà fún ti ilé wa. Ni mo bá ń fi òpin ọ̀sẹ̀ àti ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ṣe é.

Mo kọ́kọ́ da gbogbo ẹ̀ sórí hard disk kan: ti fóònù màámi, tèmi, ti ìyàwó mi, ti àwọn fóònù àtijọ́ tí a ti pa tì, àti káàdì mẹ́mórì kámẹ́rà tí bàbá mi olóògbé ń lò. Fódà kọ̀ọ̀kan fún ibi tí fọ́tò kọ̀ọ̀kan ti wá. Mi ò pa ohunkóhun rẹ́ níbi tó ti wá títí iṣẹ́ fi parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ kó má fo èyí.

Àwọn tó jọra ni mo tún mú lé e. SHA-256 ni mo lò: ó máa ń ka fáìlì látòkè délẹ̀, á wá fún un ní àmì tó jẹ́ àpapọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà 64. Fáìlì méjì tó bá bára mu pátápátá máa ń ní àmì kan náà. Bí ohun tó kéré jù lọ bá yàtọ̀ nínú ọ̀kan, àmì ẹ̀ á yí padà. Ó yára, kò sì ṣòro. Ibi tí kò ti lè ranni lọ́wọ́ ni fọ́tò tó ti gba WhatsApp kọjá, torí WhatsApp sábà máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó tó fi í ránṣẹ́. Fọ́tò tó tóbi tó sì mọ́ kedere lọ́dọ̀ mi lè ti di kékeré lọ́dọ̀ màámi. Ojú ni mo fi yan irú wọn, èyí tó tóbi jù ni mo sì mú.

Ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò tún jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Láti 1995 ni ìlànà Exif ti wà, òun ló ń jẹ́ kí fọ́tò gbé ọjọ́, wákàtí àti irú kámẹ́rà dání. WhatsApp sábà máa ń yọ èyí kúrò, àmọ́ orúkọ fáìlì ẹ̀ lórí Android ṣì ń sọ nǹkan: IMG-20190412-WA0003 ti dé tàbí ti lọ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin 2019, bó tilẹ̀ lè jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti yà á. Ní ti kámẹ́rà bàbá mi, bátìrì aago inú ẹ̀ ti kú, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1980 ló sì ń kà. Ibẹ̀ ni kàlẹ́ńdà FAT, ìlànà tí káàdì mẹ́mórì sábà fi ń to fáìlì, ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ wà: nínú ọ̀wọ́ fọ́tò kan, mo rí èyí tí wọ́n yà lọ́jọ́ tí ọmọ mi kọ́kọ́ lọ síléèwé, ọjọ́ yẹn sì dá mi lójú. Mo wo iye tó fi yàtọ̀ sí ohun tí kámẹ́rà kọ, mo sì fi ExifTool, ètò kọ̀ǹpútà tí Phil Harvey ṣe fún irú iṣẹ́ yìí, sún gbogbo ọ̀wọ́ náà síwájú níye kan náà.

Orúkọ ló gba àkókò jù, ibẹ̀ náà ló sì dùn jù. Ètò kọ̀ǹpútà kan bá mi ṣa ojú àwọn èèyàn jọ, ó sì gbìyànjú gan-an: ó dá mi mọ̀ láti kékeré títí di ìsinsìnyí. Àmọ́ nínú àwọn fọ́tò àtijọ́ tí a fi fóònù yà látinú álúbọ́ọ̀mù, ó kó bàbá mi àti àbúrò wọn pọ̀ bíi pé ẹnì kan ni wọ́n. Mo so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n kí màámi lè ríran dáadáa, ọmọ mi obìnrin sì jókòó tì wọ́n. Nígbà tí a dé orí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ̀wé lórí tábìlì, màámi ní kí n dúró.

“Bàbá ẹ kọ́ nìyẹn.”

“Màámi, ẹ wo imú yẹn dáadáa.”

“Mo ti wò ó. Wọ́n jọ ní imú yẹn ni. Wo ọwọ́ tí bírò wà. Òsì ni. Àbúrò bàbá ẹ nìkan ló ń fọwọ́ òsì kọ̀wé nínú gbogbo wọn.”

Ọmọ mi ní, “Màmá àgbà, ta ló wá ya fọ́tò yẹn?”

“Bàbá bàbá ẹ ni. Àwọn ló ni kámẹ́rà nígbà yẹn.”

Ojú ẹni tó ya fọ́tò kì í sí nínú fọ́tò, kò sí bí kọ̀ǹpútà ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n. Láti orí ìyẹn lọ, mo ń béèrè lọ́wọ́ màámi ta ló di kámẹ́rà mú, mo sì ń kọ èyí tí wọ́n bá rántí sílẹ̀. Inú mi dùn gan-an pé ọmọ mi ló béèrè.

Inú fáìlì fọ́tò fúnra ẹ̀ ni mo kọ àwọn orúkọ yìí sí, níbi tí IPTC, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún fọ́tò àti ìròyìn, yà sọ́tọ̀ fún àpèjúwe. Orúkọ tí a bá kọ sínú ápù lè má bá fọ́tò lọ lọ́jọ́ tí a bá kó o kúrò níbẹ̀; èyí tó wà nínú fáìlì ló ṣeé gbára lé jù. Níbi tí màámi ò ti rántí ọjọ́, “nǹkan bíi 1978” ni mo kọ sínú àpèjúwe. Mi ò hùmọ̀ ọjọ́ fún Exif.

Ìpamọ́ ò gba àkókò. Ìlànà tí wọ́n ń pè ní 3-2-1 ni mo tẹ̀ lé: ẹ̀dà 3, oríṣi ìpamọ́ 2, kí 1 wà níta ilé. Ọ̀kan wà lórí kọ̀ǹpútà mi, ọ̀kan wà lórí hard disk lọ́dọ̀ àbúrò mi, ọ̀kan sì wà lórí cloud, ìyẹn ibi ìpamọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo ti fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í pa kó tó lọ. Mo yọ fọ́tò díẹ̀ padà látinú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, mo fi SHA-256 yẹ̀ wọ́n wò, gbogbo wọn bára mu. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni ò tíì yọ nǹkan padà nínú ẹ̀ rí, mi ò kà á kún ẹ̀dà. Ìgbà yẹn la tó dín fọ́tò inú fóònù màámi kù.

Ó ku kásẹ́ẹ̀tì fídíò àtijọ́, VHS, tí bàbá mi fi sílẹ̀. Kò ṣeé fi falẹ̀: okùn inú wọn ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, iléeṣẹ́ Funai ní Japan, tó ṣe ẹ̀rọ VHS kẹ́yìn, sì ti dáwọ́ dúró ní 2016. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi ṣì ní ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, ó sì ti gbà láti yá mi. Màámi ti yan èyí tí wọ́n fẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe, Sátidé la máa bẹ̀rẹ̀.