Ọkọ̀ àlòkù tó bàjẹ́, wáráńtì tó kọ̀: ọ̀nà àtigba owó yín padà ní Ìlú Ọba

Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn tí mo ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ mi ní Ìlú Ọba, gíà rẹ̀ kọ̀ láti wọ ẹsẹ̀ kẹta mọ́ nígbà tí mo ń ti iṣẹ́ òru bọ̀. Mẹkáníìkì tó yẹ̀ ẹ́ wò ní àtúnṣe rẹ̀ yóò ná mi ní £1,350. Ọkàn mi balẹ̀, nítorí pé lọ́jọ́ tí mo san £4,200 fún ọkọ̀ àlòkù náà ni mo ti san £299 mọ́ ọn fún wáráńtì ọdún kan. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni lẹ́tà wọn dé, kò sì ju ìlà mẹ́rin lọ: gíà náà kò bàjẹ́, ó gbó ni, àwọn kì í sì í sanwó ohun tó bá gbó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ̀ wọ́n láago, tí mo ń bẹ̀ wọ́n, tí mo ń ṣàlàyé pé òru ni mo ń ṣiṣẹ́ àti pé bọ́ọ̀sì kì í sí ládùúgbò wa láago márùn-ún ìdájí. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń gbé fóònù káàánú mi gan-an, ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ kò yí ohunkóhun padà. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé ẹlòmíràn wà tó yẹ kí n kọ́kọ́ bi léèrè owó mi, ìyẹn ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún mi.

Wáráńtì jẹ́ àdéhùn tí ẹ fowó rà lọ́tọ̀. Ẹ̀tọ́ tí òfin fún yín lórí ọjà náà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ì báà ṣe pé ẹ ra wáráńtì tàbí ẹ kò rà á, kò sì sí lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ wáráńtì lè kọ tí yóò pa á rẹ́. Nílé, ojú wa ti mọ àkọlé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù pé ọjà tí a bá ti rà kò ní àdápadà, ẹni tó bá sì ra tòkunbọ̀ mọ̀ pé bí òun bá ti wà á kúrò lọ́gbà tí wọ́n ti tà á, ó ti di ọ̀rọ̀ òun àti mẹkáníìkì òun. Ní Ìlú Ọba, òfin Consumer Rights Act, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2015, sọ pé ọjà tí oníṣòwò bá tà fún ẹni tó fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ dára dé ìwọ̀n tó yẹ, kí ó lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rà á fún, kí ó sì bá bí oníṣòwò náà ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ mu. Ọjà àlòkù wà lábẹ́ òfin yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn yóò wo ọjọ́ orí rẹ̀, iye máìlì tó ti rìn àti iye tí ẹ rà á. Bí oníṣòwò bá kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé bí ẹ ṣe rí i náà lẹ ṣe rà á, ọ̀rọ̀ yẹn kò lè gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ yín.

Ọjọ́ ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà. Bí àléébù bá yọ láàárín 30 ọjọ́ tí ọkọ̀ dé ọwọ́ yín, tí ẹ sì lè fi hàn pé ó ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ẹ lè dá a padà kí ẹ sì gba gbogbo owó yín. Lẹ́yìn 30 ọjọ́, oníṣòwò ní àǹfààní láti tún un ṣe tàbí kí ó pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan yẹn kò bá mú un, ẹ lè ní kí ó yọ lára owó náà fún yín, tàbí kí ẹ dá ọkọ̀ padà pátápátá. Lórí ọ̀rọ̀ àtúnṣe yìí, àléébù tó bá yọ láàárín oṣù mẹ́fà, òfin gbà pé ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ rà á, oníṣòwò ni yóò sì fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ̀yin ni ẹ ó wá ẹ̀rí. Ohun kan wà tó jẹ́ ti ọkọ̀ ní pàtàkì: bí ẹ bá dá a padà lẹ́yìn àtúnṣe tí kò mú un, oníṣòwò lè yọ iye kan nínú owó yín fún bí ẹ ti ṣe lò ó, kódà bí kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà.

Ibí yìí gan-an ni lẹ́tà onílà mẹ́rin yẹn ti wúlò fún mi. Bí gíà bá ti gbó débi pé kò wọ ẹsẹ̀ kẹta mọ́ ní oṣù kẹrin, báwo ló ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n tà á fún mi? Ilé iṣẹ́ wáráńtì ti bá mi kọ ẹ̀rí sílẹ̀ láìmọ̀. Mo fi ẹ̀dà lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí oníṣòwò, pẹ̀lú ìwé mẹkáníìkì. Ó fèsì pé ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí òfin là kalẹ̀ fún ọkọ̀, nígbà tí òun tà á, ó sì rò pé ìyẹn ti parí ọ̀rọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé wọn yóò sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà: ìdánwò MOT kì í yẹ ipò ẹ́ńjìnnì, kílọ́ọ̀ṣì tàbí gíà wò rárá. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ arúgbó tó ti rìn jìnnà, tí ẹ sì rà á ní owó pọ́ọ́kú, oníṣòwò lè sọ pé gíà tó gbó kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, adájọ́ sì lè gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Gbogbo èyí, oníṣòwò nìkan ló dè. Ẹni tó ta ọkọ̀ ara rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ kò sí lábẹ́ rẹ̀, àyàfi bí ó bá parọ́ fún yín nípa ohun tó ń tà. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí a kì í fẹ́ sọ jáde: arákùnrin inú ìjọ tó máa ń ní ọkọ̀ mẹ́ta-mẹ́rin nílẹ̀ lóṣooṣù, oníṣòwò ni lójú òfin, ì báà máa pe ara rẹ̀ ní olùrànlọ́wọ́. Ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ lè bá ilé iṣẹ́ wáráńtì fà á ní àsìkò kan náà, mo sì gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí mẹkáníìkì tú ohunkóhun kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìwé wáráńtì ló ka èyí léèwọ̀, ọmọ wa tó mọṣẹ́ tó sì yára lè fi ìyára ba ọ̀rọ̀ jẹ́ fún yín. Bí wọ́n bá ti tú u, kí ó má ṣe ju irin àtijọ́ náà nù. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, gbólóhùn wo gan-an nínú ìwé àdéhùn ni wọ́n fi kọ̀ yín. Bí wáráńtì náà bá jẹ́ ti adójútòfò, àwọn ni yóò fi hàn pé ohun tí àwọn yọ sílẹ̀ nínú àdéhùn ló ṣẹlẹ̀; kò tó kí wọ́n kàn kọ "wear and tear", ìyẹn pé ó gbó ni, sórí ìwé. Ìròyìn mẹkáníìkì mìíràn tí kò ní ẹ̀tanú, tó sọ ohun tó ṣẹ́ àti ìdí tó fi ṣẹ́, lágbára ju ẹ̀bẹ̀ ogún ìgbà lọ. Bí wọ́n bá sì ní nítorí pé ẹ pẹ́ kí ẹ tó ṣe sáfíìsì ọkọ̀ ni, ẹ béèrè bóyá pípẹ́ náà kan ohun tó bàjẹ́. Ìlànà Financial Conduct Authority, àjọ tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ ìnáwó àti adójútòfò, kò fàyè gba adójútòfò láti kọ ẹ̀tọ́ oníbàárà nítorí àdéhùn tó rú, bí àdéhùn yẹn kò bá ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn sí ilé iṣẹ́ wáráńtì náà, kí ẹ pè é ní ìwé ẹ̀sùn, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti fún yín ní èsì ìkẹyìn. Bí èsì náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, tàbí tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá kọjá láìsí èsì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Financial Ombudsman Service, àjọ tó ń parí aáwọ̀ láàárín oníbàárà àti ilé iṣẹ́ ìnáwó, tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Oṣù mẹ́fà péré lẹ ní láti ọjọ́ èsì ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wáráńtì ló jẹ́ adójútòfò. Òmíràn wà tó jẹ́ ìlérí oníṣòwò lásán, Ombudsman yìí kò sì lè dá sí irú rẹ̀. Ẹ wo inú ìwé náà bóyá wọ́n dárúkọ adójútòfò tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ tún wo bí ẹ ṣe sanwó. Bí iye ọkọ̀ bá ju £100 lọ tí kò sì ju £30,000 lọ, tí ẹ sì fi káàdì kírẹ́díìtì san apá kan nínú rẹ̀ tààrà fún oníṣòwò, ì báà jẹ́ £50 àsansílẹ̀ péré, abala 75 nínú òfin Consumer Credit Act tọdún 1974 mú kí ilé iṣẹ́ káàdì náà jẹ̀bi pọ̀ mọ́ oníṣòwò lórí gbogbo owó ọkọ̀ náà. Àǹfààní yìí kò sí lórí káàdì bánkì lásán. Ẹni tó bá fi hire purchase, ìyẹn kí a máa san owó ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀, ra ọkọ̀, ilé iṣẹ́ tó yá a lówó ló ni ọkọ̀ náà, àwọn ni kí ó kọ ìwé sí.

Bí kóòtù bá kàn, ní England àti Wales ẹ lè pe ẹjọ́ owó tí kò ju £10,000 lọ láìgba lọ́yà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ ìwé ìkìlọ̀ ìkẹyìn sí wọn. Láti ọdún 2024, kóòtù máa ń kọ́kọ́ fi yín sọ́dọ̀ alárinà lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni, kò sì yẹ kí ẹ pa á jẹ. Àwọn Citizens Advice, àjọ tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn, yóò bá yín ka àwọn ìwé yìí láìgbowó.

Ìwé tí mo kọ sí oníṣòwò kò ju ojú ewé kan lọ: nọ́ńbà ọkọ̀, ọjọ́ tí mo rà á, ohun tó ń ṣe é, orúkọ òfin náà, ohun tí mo fẹ́, àti ọjọ́ 14 láti fèsì. Ó tún gíà náà ṣe. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹsẹ̀ kẹta tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò jáde. Mo gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, n kò wà á mọ́, nítorí pé ẹni tó ń dá ọkọ̀ padà tó sì tún ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́ ń fi àríyànjiyàn lé wọn lọ́wọ́, mo sì kọ ìwé kejì pé mo ti dá a padà. Bí oníṣòwò bá ti gbà pé òun yóò san án, òfin fún un ní ọjọ́ 14. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, £3,750 wọ àkáǹtì mi. Ó ti yọ £450 fún máìlì tí mo ti fi rìn. Mo fagi lé wáráńtì náà nígbà tí owó yẹn ti wọlé tán, wọ́n sì dá £150 padà nínú £299 mi.