Bí a ṣe ń gbọ́ Da Lama ao Caos láti ìdí ìlù

Ẹ̀yin tí ẹ gbà pé orin rọ́ọ̀kì kò bá etí yín mu, ibí yìí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Da Lama ao Caos ni àwo àkọ́kọ́ tí akọrin Chico Science àti ẹgbẹ́ rẹ̀ Nação Zumbi, àwọn ọmọ Recife ní Bràsíl, gbé jáde ní 1994.

Ẹ má fi fóònù lásán gbọ́ ọ. Ohùn ìsàlẹ̀ kì í jáde níbẹ̀, òun sì ni òpó orin yìí. Ẹ wá íápíìsì tó dáa, kí ẹ dúró kí àwọn ará ilé pa jẹnẹrétọ̀. Ládùúgbò wa ní Mọ́kọ́lá, ó di òru.

"A Praieira" ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀, torí kò kánjú. Ẹ fi gìtá Lúcio Maia sílẹ̀ ná, ìlù ni kí ẹ máa tẹ̀ lé. Èmi tí mo ń ta gìtá béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tó gbà mí lọ́kàn ni pé kò sí ìlù òyìnbó tí ẹnì kan ń jókòó tì. Alfaia ló wà níbẹ̀, ìlù tí wọ́n ń lù nínú maracatu, orin àti ijó ìbílẹ̀ àwọn ará Recife: igi ńlá, awọ lójú méjèèjì, okùn tó fà á le, wọ́n á gbé e kọ́ èjìká, wọ́n á fi ọ̀pá lù ú. Èèyàn mẹ́ta ló ń lù ú pọ̀, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀.

Ẹ má wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ o. Etí ọmọ Yorùbá á fẹ́ túmọ̀ ọ, ṣùgbọ́n alfaia kì í fọhùn bíi dùndún. Caixa, ìlù kékeré tó ń dún gbàrà-gbàrà láìsinmi, ni kí ẹ fi ẹsẹ̀ mú. Iṣẹ́ tí gúdúgúdú ń ṣe lẹ́yìn ìyáàlù ló ń ṣe. Tí ẹsẹ̀ yín bá ti dúró, ẹ ó gbọ́ bí alfaia ṣe ń já wọlé níbi tí ẹ kò retí, tó sì tún ń bọ́ sílẹ̀ gìrì.

Ìgbà náà ni kí ẹ tẹ orin tó ń jẹ́ orúkọ àwo náà. Gìtá ibẹ̀ le gan-an, kò ní lé yín mọ́.

"A Cidade" ń sọ nípa ìlú tó ń gbòòrò, tí ẹni òkè ń gòkè sí i, tí ẹni ìsàlẹ̀ ń rì. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti Bódìjà dé Ọjà'ba kò nílò àlàyé.

Ó dùn mí pé ìjàǹbá ọkọ̀ pa Chico ní 1997, lẹ́ni ọdún 30. Àwo méjì péré ló bá wọn ṣe. Afrociberdelia, ti 1996, ni kí ẹ gbọ́ tẹ̀ lé e.

Tí ẹ bá mọ onílù kan, ẹ fún un ní íápíìsì kan, kí ẹ máa wo ọwọ́ rẹ̀ lórí itan.